Ewé Kò Kú, Ìmọ̀ Ló Kú: Ìtàn Elú Ilẹ̀ Òyìnbó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan." Ẹnu àwọn oníṣègùn ni òwe yìí ti sábà máa ń jáde, ṣùgbọ́n ó bá àwọn aláró mu pẹ̀lú, nítorí iṣẹ́ ewé ni iṣẹ́ aró. Síbẹ̀, ohun kan wà tí òwe náà kò sọ. Ewé lè pé sínú igbó, kí ó tún pé sí ẹ̀yìnkùlé, kí ó má sì sí ẹnì kan láàrin ìlú tí ó mọ ohun tí a ń fi í ṣe. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó dé bá ewéko kan tí wọ́n fi pa aṣọ ọba àti ti tálákà láró fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ìtàn ewéko náà yẹ ní gbígbọ́ nílẹ̀ Yorùbá, nítorí ohun tí ó pa iṣẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún ti ń kan ilẹ̀kùn àwọn aláró tiwa láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Woad ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ewéko yìí. Àwọn Faransé ń pè é ní pastel, àwọn ará Jámánì sì ń pè é ní Waid. Yorùbá kò ní orúkọ fún un, nítorí kì í hù lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pè é ní elú òyìnbó kò jayò pa, nítorí aró kan náà tí àwọn ìyá wa ń rí nínú elú ni ó wà nínú rẹ̀.

Irú ewéko tí ó jẹ́

Ìdílé mọ́sítáàdì ni elú òyìnbó ti wá, ìdílé yìí kan náà ni kábéèjì tí a ń rà lọ́jà sì ti wá. Òdòdó ni a fi ń dá ìdílé náà mọ̀: ewé òdòdó mẹ́rin ni ó máa ń wà lára òdòdó kọ̀ọ̀kan, wọn a sì dojú kọ ara wọn bí oríta mẹ́rin. Òdòdó elú òyìnbó kéré, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ti ìyeyè, ṣùgbọ́n wọn a pọ̀ jọjọ lórí igi kan ṣoṣo, débi pé bí ó bá tanná tán, ńṣe ni gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà á máa dán.

Ọdún méjì ni ewéko yìí fi ń gbé ayé. Ní ọdún kìíní, ewé nìkan ni ó máa ń yọ, àwọn ewé náà á tẹ́ sílẹ̀ yí gbòǹgbò ká. Ewé ọdún kìíní yìí ni àwọn aláró ń wá. Ní ọdún kejì ni igi rẹ̀ máa ń ga, tí ó máa ń tanná, tí èso rẹ̀ á sì so rọ̀ bí yẹtí, tí yóò dúdú bí ó bá gbó. Lẹ́yìn èyí ni ewéko náà máa ń kú, tí àwọn irúgbìn rẹ̀ á sì fọ́n káàkiri. Apá ìwọ̀-oòrùn Éṣíà àti gúúsù ìlà-oòrùn Yúróòpù ni wọ́n gbà pé ó ti ṣẹ̀ wá. Àwọn àgbẹ̀ mú un káàkiri Yúróòpù, ó sì sá kúrò lóko lọ sínú igbó, sí ẹ̀bá ọ̀nà àti sí orí àpáta.

Kò sí ẹni tí ó lè wo ewé tútù yẹn tàbí òdòdó aláwọ̀ ìyeyè yẹn kí ó sọ pé aró ni ó fara pa mọ́ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni elú tiwa rí. Kì í ṣe ìdílé kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá, nítorí ìdílé ẹ̀wà ni elú ti wá, ó sì máa ń fà mọ́ igi nínú igbó. Ṣùgbọ́n èròjà tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ń pè ní indigo ni ó ń jáde lára àwọn méjèèjì. Aró kan náà ni, ọwọ́ tí ó ń rẹ ẹ́ ni ó yàtọ̀.

Iṣẹ́ elú òyìnbó ti pẹ́ púpọ̀. Nígbà tí Julius Caesar, balógun àwọn ará Róòmù, kó ogun lọ sí ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 55 àti 54 ṣáájú ìbí Jésù, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ogun rẹ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ a máa fi ohun kan kun ara tí ó máa ń sọ wọ́n di aláwọ̀ aró, kí ẹ̀rù wọn lè máa ba ọ̀tá lójú ogun. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé elú òyìnbó ni ohun náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn ṣì ń jiyàn lé e.

Bí a ṣe ń ṣe é níbẹ̀, bí a ṣe ń ṣe é níbí

Ohun tí ó yani lẹ́nu jù lọ nínú ìtàn yìí ni bí iṣẹ́ àwọn aláró Yúróòpù àti ti àwọn aláró Yorùbá ṣe jọra, nígbà tí ó jẹ́ pé wọn kò kọ́ ọ lọ́wọ́ ara wọn.

Ní Yúróòpù, bí wọ́n bá já ewé tán, wọn a kó o sábẹ́ ọlọ ńlá tí ẹṣin ń fà yí po, ọlọ náà á sì lọ̀ ọ́ kúnná. Wọn a wá fi ọwọ́ mọ ọ́n ní roboto, wọn a sì sá a sórí àtẹ títí yóò fi gbẹ. Bí ó bá gbẹ, wọn a fọ́ ọ, wọn a da omi sí i, wọn a sì jẹ́ kí ó gbóná láti inú wá, kí ó sì rà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Òórùn rẹ̀ ní àsìkò yìí burú púpọ̀. Ní ọdún 1585, Elizabeth Kìíní, ọbabìnrin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pàṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ gbìn ín sí ìtòsí ààfin òun.

Nílẹ̀ Yorùbá, odó ni a fi ń gún ewé elú. Ọ̀dọ́ ewé ni àwọn ìyá máa ń já, wọn a gún un kúnná, wọn a mọ ọ́n ní roboto, wọn a sì sá a sóòrùn. Elú gbígbẹ yìí ni à ń tà lọ́jà, nítorí ó lè pẹ́ nílé kí ó má bàjẹ́. Ẹni tí ó bá rí elú roboto lórí àtẹ ọjà Yorùbá, tí ó sì rí àwòrán ti Yúróòpù, yóò rò pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ibi tí ọ̀nà ti pínyà ni omi tí a ń rẹ ẹ́ sí. Aró kì í yọ́ nínú omi lásán. Ní Yúróòpù, wọ́n máa ń lo ìtọ̀ tí ó ti kan, tàbí kí wọ́n po eérú àti èèrí ọkà pọ̀. Àwọn ìyá wa ní tiwọn gbára lé eérú. Ìkòkò méjì ni wọ́n ń gbé lé ara wọn: èyí tí ó wà lókè ní ihò nídìí, eérú ni ó kún inú rẹ̀, wọn a sì da omi lé e lórí. Omi náà á máa kán tótó sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí ni wọ́n ń kó elú sí fún ọjọ́ púpọ̀ títí yóò fi kan. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe kò nílò òṣùwọ̀n kankan. Imú ni ó fi ń gbọ́ òórùn rẹ̀, ahọ́n ni ó fi ń tọ́ omi eérú wò, ojú ni ó sì fi ń mọ̀ bí ó bá ti tó rẹ.

Bí a bá ri aṣọ sínú aró tí a sì fà á jáde, kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé tí ó fẹ́ pọ́n ni ó máa ń kọ́kọ́ ní. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí ṣú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di aró. Bí a bá ṣe ń rì í tí a sì ń sá a tó ni yóò ṣe dúdú tó. Ìdí nìyí tí Yorùbá fi ka aró mọ́ dúdú nígbà tí a bá ń pín àwọ̀ sí funfun, pupa àti dúdú. Ẹni tí ó bá rí aṣọ tí a rì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá yóò gbà pé Yorùbá kò ṣì í sọ.

Lójú àwọn aláró ayé àtijọ́, ohun ẹlẹ́mìí ni aró nínú ìkòkò. Ó lè jí, ó sì lè kú. Ìyá Màpó ni òrìṣà tí wọ́n gbà pé ó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, òun ni aláró sì ń bẹ̀ bí aró bá kọ̀ tí kò mú aṣọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn ti rí kòkòrò tíntín kan, tí ojú lásán kò lè rí, nínú ìkòkò elú òyìnbó tí wọ́n ṣe bí ti àtijọ́. Clostridium isatidis ni wọ́n sọ kòkòrò náà, òun sì ni ó ń jẹ́ kí aró yọ́ kí ó lè wọ inú òwú. Bí ooru bá pọ̀ jù, tàbí tí kò bá tó, iṣẹ́ kòkòrò náà á dáwọ́ dúró. Nítorí náà, òótọ́ ni àwọn ìyá wa sọ: ohun ẹlẹ́mìí wà nínú ìkòkò aró, ó sì lè kú.

Ọrọ̀ tí ewé bí

Ewé yìí sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ọlọ́rọ̀. Ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, láàrin àwọn ìlú Toulouse, Albi àti Carcassonne, òwò elú òyìnbó gbilẹ̀ gan-an láàrin nǹkan bí ọdún 1460 sí 1560. Cocagne ni wọ́n ń pe roboto elú wọn, ilẹ̀ Cocagne sì ni àwọn Faransé ń pe ibi tí oúnjẹ àti ìgbádùn bá ti pọ̀. Ilé ńlá tí Pierre Assézat, ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò elú náà, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ sí Toulouse ní ọdún 1555 ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní ilẹ̀ Jámánì, ìlú márùn-ún ni wọ́n mọ̀ sí ìlú elú ní agbègbè Thuringia, Erfurt sì ni olórí wọn. Nígbà tí Yunifásítì Erfurt ṣí ilẹ̀kùn ní ọdún 1392, owó elú wà lára ọrọ̀ tí ìlú náà gbójú lé.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó lọ sókè tí kì í padà wá sílẹ̀. Ní ọdún 1498, Vasco da Gama, ọmọ ilẹ̀ Potogí, gba ojú òkun dé Íńdíà. Láti ìgbà náà ni aró Íńdíà ti ń wọ Yúróòpù lọ́pọ̀ yanturu. Aró Íńdíà lágbára ju elú òyìnbó lọ fíìfíì, nítorí èròjà aró inú ewé rẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn oníṣòwò elú figbe ta, àwọn ìjọba sì dìde láti gbè wọ́n. Ní ọdún 1577, òfin jáde ní ilẹ̀ Jámánì tí ó ka aró tuntun náà léèwọ̀, tí ó sì pè é ní aró Èṣù. Ní ọdún 1609, Henry Kẹrin, ọba Faransé, fi ẹ̀mí lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá lò ó. Síbẹ̀, àwọn aláró ń lò ó ní kọ̀rọ̀, nítorí ó yá, ó sì dára lára aṣọ. Ní ọdún 1737, ìjọba Faransé fúnra rẹ̀ gbà kí wọ́n máa lò ó.

Ìjàǹbá ńlá ṣì kù. Ní ọdún 1880, Adolf von Baeyer, onímọ̀ kẹ́mísìrì ọmọ Jámánì, rí ọ̀nà tí a lè gbà ṣe aró láìlo ewé kankan. Ní ọdún 1897, ilé-iṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí ta aró tí ẹ̀rọ ṣe. Aró ewé Íńdíà tí ó ti lé elú òyìnbó kúrò lọ́jà náà ṣubú láàrin ọdún díẹ̀. Ní ọdún 1932, iṣẹ́ dáwọ́ dúró ní Skirbeck lẹ́bàá ìlú Boston, níbi tí wọ́n ti ṣe elú kẹ́yìn fún òwò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ewéko náà kò kú o. Ó ṣì ń tanná káàkiri Yúróòpù. Ó tilẹ̀ kọjá òkun dé Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Utah àti Idaho, níbi tí wọ́n ti kà á kún igbó aṣèpalára tí wọ́n ń hú dànù. Ohun tí ọba fi òfin ikú ṣọ́ nígbà kan ni àgbẹ̀ ń fi ọkọ́ lé kiri lónìí.

Nígbà tí aró ẹ̀rọ dé Abẹ́òkúta

Aró ẹ̀rọ yìí kan náà ni ó wọ ilẹ̀ Yorùbá. Láàrin ọdún 1920 sí 1940, àdìrẹ jẹ́ òwò ńlá ní Abẹ́òkúta. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ sọ bí a ṣe ń ṣe é: a dì í, a sì rẹ ẹ́. Oníkó wà níbẹ̀, tí a fi okùn dì. Ẹlẹ́kọ sì wà, tí a fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí, kí aró má lè wọ ibi tí ẹ̀kọ bá wà. Àwọn oníṣòwò ń ti Sẹ̀nẹ̀gà àti Gold Coast, èyí tí ó di Gánà ní ọdún 1957, wá rà á.

Bí ọjà ti ń fẹ̀, elú kò tó mọ́, eérú kò tó, àsìkò náà kò sì tó. Nígbà náà ni kọ́sítíìkì sódà àti aró ẹ̀rọ dé. Sódà gba ipò eérú, aró inú agolo sì gba ipò elú. Iṣẹ́ tí ó ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ di ohun tí a lè parí láàrin ọjọ́ kan. Ó wọ àwọn aláró lójú, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ọmọ wà nílé tí yóò jẹun, owó ilé-ìwé wà nílẹ̀, gbèsè aṣọ funfun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ oníṣòwò sì wà lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé sódà ń jẹ aṣọ, pé aró sì ń ṣí. Nígbà tí ọjà dẹnu kọlẹ̀, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de sódà àti aró ẹ̀rọ. Àwọn aláró kò gbà. Wọ́n ta ko òfin náà, ọ̀rọ̀ sì le débi pé wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí rẹ̀ ní ọdún 1936. Ní ìgbẹ̀yìn, sódà ni ó borí.

Ẹ wo bí ìtàn ṣe ń tún ara rẹ̀ rọ. Henry Kẹrin ṣòfin ní Faransé, kò dúró. Aláké ṣòfin ní Abẹ́òkúta, kò dúró. Òfin kò lè gba iṣẹ́ ọwọ́ là bí àwọn tí ń ṣe é kò bá rí oúnjẹ òòjọ́ nínú rẹ̀.

Ohun tí Yúróòpù ní tí a kò ní

Ẹni tí ó ṣíwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Nígbà tí àwọn kan ní ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ jí elú òyìnbó dìde ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, àwọn aláró àtijọ́ ti kú tán. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé wà. Láti ọdún 1548 ni Gioanventura Rosetti ti tẹ ìwé kan jáde ní ìlú Venice, tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Plictho, tí ó sì to bí a ṣe ń pa aṣọ láró síbẹ̀. Àwọn ìwé mìíràn tẹ̀ lé e. Ìwé ni àwọn tuntun ṣí, wọ́n tẹ̀ lé e, wọ́n ṣì í ṣe, wọ́n tún un ṣe, aró sì tún bẹ̀rẹ̀ sí mú aṣọ.

Ibo ni ìwé tiwa wà? Ní ọdún 1971, Jane Barbour àti Doig Simmonds tẹ ìwé pàtàkì kan jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn lórí àdìrẹ, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n sì ṣe. Nike Okundaye náà dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1983, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́ bí a ṣe ń ya ọnà sára àdìrẹ tí a sì ń pa á láró. Nípa ọnà, a ti gba nǹkan díẹ̀ sílẹ̀: Ìbàdàndùn, tí òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀, kò tíì di ohun ìgbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni Olókun. Ṣùgbọ́n ọnà ni ojú ń rí. Ohun tí ojú kò rí ni ó ń lọ: irú igi tí eérú rẹ̀ mú jù, bí omi eérú ṣe yẹ kí ó rí lẹ́nu, òórùn tí a fi ń mọ̀ pé aró ti jí, àti ohun tí à ń ṣe bí ó bá fẹ́ kú. Ẹnu àwọn ìyá àgbà ni ìwọ̀nyí wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn kò sì béèrè. Ní báyìí, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ ọnà àdìrẹ sí ní ilẹ̀ Ṣáínà ti kún ọjà, ẹni tí kò bá sì mọ òórùn aró kò ní mọ ìyàtọ̀.

Kì í ṣe pé kí gbogbo aláró padà sídìí odó lọ́la ni ọ̀rọ̀ yìí ń sọ. Aláró tí ń lo sódà ń bọ́ ilé rẹ̀, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ohun tí kò ṣòro ni kí olùkọ́ kan, ní ìlú tí wọ́n ti ń ṣe aró, kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ bá ìyá kan tí ó mọ iṣẹ́ náà, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n béèrè, kí wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá tí ìyá náà fi sọ ọ́, láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Kí àwọn ọmọ bá a dé inú igbó, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn já elú, kí wọ́n gún un, kí wọ́n sì dúró ti ìkòkò títí aró yóò fi jí. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá láti ìlú mẹ́wàá yóò ju ìwé Rosetti lọ, nítorí ẹnu ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é ni yóò ti jáde.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ni ó gbọ́dọ̀ wá bá àgbà lọ́jà, kí ọjà náà tó tú. Elú ṣì wà nínú igbó wa, ó ń fà mọ́ igi, ó ń yọ ọ̀dọ́ ewé lọ́dọọdún. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n já ni kò pọ̀ mọ́.